Kí Expos tó kúrò ní Montreal, wọ́n ti tú u palẹ̀

Lọ́dún 1983, èèyàn 2,320,651 ló wá wo Expos nílé ní Montreal. Lọ́dún 2001, 642,745 péré ló wá. Iye kejì yìí ni gbogbo ẹni tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù náà kúrò ní Kánádà máa ń nà sókè: ìlú yìí ò fẹ́ eré náà mọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti mọyì rẹ̀. Iye náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n yọ lára ẹgbẹ́ yìí láàárín ọdún méjèèjì kí ẹ tó dá ará Montreal lẹ́bi. Wọ́n yọ àwọn ìràwọ̀ rẹ̀, ètò pápá tuntun wọmi, wọ́n yọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n kó kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì pàápàá. Nígbà tí wọ́n fi máa kéde ní 2004 pé Washington ni wọ́n ń gbé e lọ, díẹ̀ ló kù láti dì sínú àpótí.

Fún ẹ̀yin ará Kábà, Ìyàrà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ máa ń wò: nínú líìgì bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní MLB, kò sí pé ẹgbẹ́ já sí ìsàlẹ̀, kò sì sí pé ẹgbẹ́ ìlú kékeré gòkè wá. Ẹgbẹ́ 30 ni láti 1998, àwọn tó ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí ló sì ni líìgì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 162 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, 81 nílé, 81 lóde. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ìbò àwọn olówó ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló nílò. Kò sẹ́ni tó ń pe ará ìlú sí ìbò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Òkun: ìkéde ìjọba ológun ló yọ wá kúrò lábẹ́ Kwara ní 27 August 1991, tó sọ wá di ará Kogi, tí fáìlì wa fi kúrò ní Ìlọrin lọ sí Lọ́kọ́ja.

Ọgbẹ́ Montreal bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ní 12 August ọdún náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì daṣẹ́ sílẹ̀. Expos ti borí nínú eré 74 nígbà yẹn, wọ́n ti pàdánù 40. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tí iye tirẹ̀ dáa tó bẹ́ẹ̀, Atlanta tó tẹ̀ lé wọn sì fi eré mẹ́fà wà lẹ́yìn. Wọn ò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́ lọ́dún náà, wọ́n sì fagi lé World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì náà. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní April 1995, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Expos ti fi John Wetteland, Ken Hill àti Marquis Grissom ṣe pàṣípààrọ̀ nítorí owó oṣù wọn. Larry Walker bá tirẹ̀ lọ sí Colorado, ẹgbẹ́ náà ò sì rí agbábọ́ọ̀lù kankan gbà dípò rẹ̀. Lẹ́yìn eré 1997, ọdún tí Pedro Martinez gba ẹ̀bùn Cy Young gẹ́gẹ́ bí ajubọ́ọ̀lù tó dáa jù, wọ́n gbé e fún Boston. Ẹni tó bá ra aṣọ agbábọ́ọ̀lù Expos fún ọmọ rẹ̀ láwọn ọdún yẹn, kí aṣọ náà tó ṣá, ẹni tó ni orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní ìlú mìíràn.

Pápá náà dá kún un. Olympic Stadium ni, tí wọ́n kọ́ fún Òlíńpíìkì 1976, tí Expos sì kó wọ̀ ní 1977. Ó gba èèyàn tó lé ní 45,000. Ẹ kó ẹni 8,000 sínú ilé tó tóbi báyẹn, ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n á ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ní September 1991, òpó kọnkéré kan tó wọn tọ́ọ̀nù 55 já bọ́ lára ilé náà. Kò pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ òde ni Expos ti gbá gbogbo eré ilé tó kù lọ́dún yẹn. Ní January 1999, òrùlé tún ya nígbà tí yìnyín wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ètò wà láti kọ́ pápá tó kéré sí i sí àárín ìgboro, orúkọ tí wọ́n ti fún un ni Labatt Park. Lucien Bouchard, olórí ìjọba Quebec, sọ pé òun ò lè máa fi owó ìjọba kọ́ pápá lásìkò tí òun ń ti ilé ìwòsàn pa. Èmi ò rí ohun tí mo lè fi bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ owó òkèèrè tún wà níbẹ̀, ẹni tó ń rajà ní dọ́là tó ń tà á ní náírà kò nílò kí n là á fún un. Dọ́là Kánádà ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Expos, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń san owó agbábọ́ọ̀lù. Ní January 2002, dọ́là Kánádà kan kò ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì 62 Amẹ́ríkà lọ. Bí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà bá ta tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ẹni 10,000, Expos ní láti ta tirẹ̀ fún ẹni bí 16,000 kí owó wọn tó dọ́gba. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí ìyẹn bí wọ́n bá ń fi iye èrò Montreal wé ti ìlú mìíràn.

Ní December 1999, Jeffrey Loria, oníṣòwò iṣẹ́ ọnà láti New York, di olórí àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà. Ìpín 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ rà. Ó di ohun tó lé ní 90 lọ́nà tí òfin gbà: ó ń ké sí àwọn onípìn-ín yòókù pé kí wọ́n mú owó sí i wá, àwọn yẹn ò dá a lóhùn, òun san tirẹ̀, ìpín wọn sì ń yọ́ lọ. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n pe líìgì mọ́ ọn, wọn ò sì jàre.

Lábẹ́ rẹ̀, ní 2000, ẹgbẹ́ náà ò rí àdéhùn kankan bá rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ eré ní Gẹ̀ẹ́sì, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti lè gbọ́ ọ, ẹ sì rántí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí ní 2000. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yọ, lójú tèmi èyí ló pa ẹgbẹ́ náà lára jù. Eré tó ń wáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó lè lọ wo gbogbo rẹ̀. Rédíò ló ń bá èèyàn gbé e dé ilé ìdáná àti inú ọkọ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọmọdé mọ orúkọ ẹni tó ń gbá ipò kẹjọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa pariwo lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n máa kà á lẹ́nu ọ̀nà pápá.

Ní 6 November 2001, àwọn olówó ẹgbẹ́ dìbò 28 sí 2 pé kí wọ́n pa ẹgbẹ́ méjì rẹ́ pátápátá. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Montreal àti Minnesota ni méjèèjì tó dìbò kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ 30 ń jẹ́ kí eré 15 wáyé lálẹ́ kan. Ẹ yọ ẹyọ kan, ó ku 29, ẹgbẹ́ kan á sì máa jókòó láìrí ẹni bá gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọsẹ̀. Adájọ́ kan ní Minnesota pàṣẹ pé Twins, ẹgbẹ́ ibẹ̀, gbọ́dọ̀ gbá gbogbo eré ilé 2002 wọn ní Metrodome, nítorí wọ́n ti bá àwọn tó ni pápá náà ṣe àdéhùn. Twins ò ṣeé pa mọ́, Expos nìkan náà ò sì ṣeé pa. Bí ìwé háyà pápá kan ní Minnesota ṣe gba Expos sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pàṣípààrọ̀ onígun mẹ́ta ti February 2002. John Henry, tó ni Florida Marlins, fẹ́ ra Boston Red Sox pẹ̀lú àwọn kan, ó sì rà á. Loria ra Marlins lọ́wọ́ Henry ní mílíọ̀nù 158.5 dọ́là. Láti rí owó yẹn, ó ta Expos fún líìgì fúnra rẹ̀ ní mílíọ̀nù 120, líìgì sì yá a ní mílíọ̀nù 38.5 tó kù láìsí èlé. Ẹ ro ó pọ̀, ó pé géérégé. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ 29 tó kù ló ni Expos, àwọn kan náà tí Expos ń bá figagbága.

Loria kó àwọn òṣìṣẹ́ Expos lọ sí Florida, látorí kóòṣì àgbà Jeff Torborg dé orí àwọn tó ń ṣàwárí ọmọ tuntun. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà. Wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ rò ó wò: ìwé wọ̀nyẹn ló sọ pé lágbájá kò lè gbá bọ́ọ̀lù tó bá yí sísàlẹ̀, pé apá ajubọ́ọ̀lù báyìí ń dùn ún lẹ́yìn ìgbà 80 tó bá ti jù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́. Omar Minaya, ọmọ Dominican Republic tí líìgì fi ṣe ọ̀gá àgbà Expos, dé bá ọ́fíìsì òfìfo nígbà tí ìgbáradì ọdún tuntun ti kanlẹ̀kùn. Frank Robinson, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe kóòṣì àgbà nínú MLB, ni wọ́n fi ṣe kóòṣì àgbà wọn.

Ó yani lẹ́nu pé wọ́n gbá a dáadáa. Vladimir Guerrero wà níbẹ̀, ẹni tó gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri pápá) 39 ní 2002, tó sì fi eré sísá jí ibùdó gbà ní ìgbà 40, home run kan péré ló kù fún un kó tó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ní 40 lọ́nà méjèèjì. Nígbà tí oṣù June fi máa parí, Expos wà nínú ìjàkadì, Minaya sì ní láti pinnu. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ń sọ fún un pé wọ́n máa pa ẹgbẹ́ náà rẹ́ lẹ́yìn 2002. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní ọ̀la, kí ló fẹ́ fi àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ṣe? Ní 27 June, ó gba Bartolo Colon, ajubọ́ọ̀lù ńlá, pẹ̀lú Tim Drew lọ́wọ́ Cleveland. Ohun tó fi sílẹ̀ ni Lee Stevens àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta: Cliff Lee, Grady Sizemore àti Brandon Phillips.

Colon borí 10 ó pàdánù 4 fún Expos. Ó ṣe ohun tí wọ́n rà á fún. Expos parí pẹ̀lú 83 sí 79, ipò kejì ní ẹ̀ka wọn, eré 19 lẹ́yìn Atlanta. Ṣùgbọ́n ní 30 August, oṣù méjì lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ náà, líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ pa ẹgbẹ́ kankan rẹ́ títí 2006 fi máa parí. Ọ̀la tí Minaya ti tà wá padà dé. Owó oṣù Colon wọ́n lọ́rùn, wọ́n gbé e fún Chicago White Sox ní January 2003. Cliff Lee gba Cy Young ní 2008. Sizemore àti Phillips di ẹni tí wọ́n ń pè sí eré àwọn ìràwọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi èyí bú Minaya títí dòní. Èmi ò bá wọn bú u. Àwọn tó sọ fún un pé kò ní sí 2003 ló yẹ kí wọ́n dáhùn.

Ní 2003, líìgì ní eré ilé 22 nínú 81 máa wáyé ní Hiram Bithorn Stadium ní San Juan, Puerto Rico, ibi tó jìnnà sí Montreal ní nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Tíkẹ́ẹ̀tì tà níbẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ eré ilé wo ni èyí tí ẹni tó ń gbá a ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì? Wọ́n kàn ń gbá ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan tí eré pín sí, gẹ́gẹ́ bí onílé ti ń ṣe, lórúkọ lásán. Ó ku eré 59 fún Montreal. Tí a bá ka 81 tòde mọ́ 22 yẹn, eré 103 nínú 162 ni wọ́n gbá láìsí nílé. Ara ajubọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń sọ ìyẹn, nítorí ajubọ́ọ̀lù nílò ìsinmi àti oorun tó gún ju gbogbo wọn lọ.

Síbẹ̀síbẹ̀, ní òpin August 2003, Philadelphia wá gbá eré mẹ́rin ní Montreal, Expos borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wà láàárín àwọn tó ń du wild card, àyè kan ṣoṣo tó wà fún ẹgbẹ́ tí kò gba ipò kìn-ín-ní ní ẹ̀ka rẹ̀. Èrò ti ń padà sí pápá. September wọlé.

Láyé ìgbà náà, ẹni 25 ni ẹgbẹ́ lè kó wọ eré láti April dé August. Tó bá di 1 September, wọ́n lè pe ọmọ sí i láti inú àwọn ẹgbẹ́ kékeré wọn nísàlẹ̀ títí dé 40. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe é: ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i kí àwọn tó ti rẹ̀ lè sinmi, ọmọ kan tó lè sáré dáadáa, ẹnì kan tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù. Líìgì sọ fún Expos pé owó kò sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. Ẹni tó ń gba èyí tó kéré jù ní 2003 ń gba 300,000 dọ́là fún ọdún eré kan, oṣù mẹ́fà. Oṣù kan jẹ́ nǹkan bí 50,000. Ọmọ mẹ́rin fún September, 200,000 dọ́là. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ 29 tó kù ló máa pín in san, kò tó 7,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn ò san án. Nínú àwọn 29 yẹn, àwọn kan ń du wild card yẹn gan-an. Kí ló máa mú wọn sanwó fún ẹni tó fẹ́ gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́? Mi ò sọ pé wọ́n gbìmọ̀; ètò tí wọ́n tò sílẹ̀ kò nílò ìgbìmọ̀.

Expos ṣubú lulẹ̀ nínú oṣù náà, wọ́n sì parí ní 83 sí 79 lẹ́ẹ̀kan sí i, ipò kẹrin. Ẹgbẹ́ tó gba wild card náà ni Florida Marlins ti Loria. Wọ́n sì gba World Series.

2004 ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Guerrero ti lọ sí Anaheim, òun ló sì gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ́dún náà ní American League, ọ̀kan nínú apá méjì tí MLB pín sí. Javier Vazquez ti lọ sí Yankees. Ní 31 July wọ́n gbé Orlando Cabrera fún Boston, ó sì gba World Series níbẹ̀ ní October. Wọ́n tún lọ sí San Juan. Wọ́n borí 67, wọ́n pàdánù 95. Èèyàn 749,550 ló wò wọ́n nínú ọdún náà.

Ní 29 September 2004, líìgì kéde Washington, nítorí ìjọba ìlú náà gbà láti fi owó ìlú kọ́ pápá tuntun. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni eré ilé ìkẹyìn, ọ̀gànjọ́ òru lọ́dọ̀ wa níbí. Èèyàn 31,395 ló wá. Àwọn kan ń ju nǹkan sórí pápá, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù wà nínú rẹ̀, títí wọ́n fi dá eré dúró fún ìgbà díẹ̀. Marlins ni wọ́n bá gbá, wọ́n pàdánù 9 sí 1. Terrmel Sledge ló gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, ó lọ sókè, ẹni tó wà ní ibùdó kẹta mú un. Ní 3 October, wọ́n gbá eré tó kẹ́yìn pátápátá ní Shea Stadium ní New York, pápá tí wọ́n ti gbá eré àkọ́kọ́ wọn ní April 1969. Wọ́n pàdánù 8 sí 1.

Ní December, àwọn olówó ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo tó kọ̀ ni ti Baltimore, nítorí Washington kò jìnnà sí i. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ìwé àdéhùn wọn lọ. Nọ́ńbà 8 ti Gary Carter, 10 ti Rusty Staub àti Andre Dawson, 30 ti Tim Raines, tí Expos ti gbé sókè pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ mọ́, Washington sọ wọ́n kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Youppi!, ẹ̀dá onírun tó máa ń jó nínú pápá, kò bá wọn lọ; ẹgbẹ́ họ́kì Canadiens gbà á ní 2005. Ní 2006, líìgì ta ẹgbẹ́ tó rà ní mílíọ̀nù 120 fún ìdílé Lerner ní mílíọ̀nù 450.

Athletics, ẹgbẹ́ ìlú Oakland, tún gba ọ̀nà yìí kọjá láìpẹ́, lábẹ́ John Fisher tó ni wọ́n. Ní May 2021 líìgì ní kí wọ́n máa wo ìlú mìíràn. Lẹ́yìn eré ọdún náà, Matt Olson, Matt Chapman, Chris Bassitt àti Sean Manaea lọ kí 2022 tó bẹ̀rẹ̀. 2022 mú ìpàdánù 102 wá, pẹ̀lú èèyàn 787,902. 2023 mú ìpàdánù 112. Ohun tí ará Oakland ṣe yàtọ̀ ni pé ní 13 June 2023 wọ́n pe ara wọn jọ, 27,759, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n kọ SELL sí, pé kí Fisher ta ẹgbẹ́ náà, láti fi han ayé pé èrò wà. Ìjọba Nevada fọwọ́ sí mílíọ̀nù 380 dọ́là fún pápá Las Vegas ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, àwọn olówó ẹgbẹ́ sì dìbò 30 sí 0 ní November. Eré ìkẹyìn ní Oakland wáyé ní 26 September 2024, ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, alẹ́ ní Kábà. Èèyàn 46,889 ló wá, wọ́n sì lu Texas 3 sí 2. Láti 2025 wọ́n ń gbá a nínú pápá ẹgbẹ́ kékeré kan ní West Sacramento, tó gba èèyàn bí 14,000, títí pápá Las Vegas á fi parí. Kò sí orúkọ ìlú kankan níwájú orúkọ wọn báyìí. Athletics lásán ni.